Ẹ Má Tíì Yí Orúkọ Yẹn Padà

Ti òní gùn díẹ̀. Ẹ wá àyè jókòó, kí ẹ sì kà á dé ìparí, torí àṣìṣe tèmi gan-an ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí. A ń ṣe ìsìn ìtúsílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Arábìnrin kan jáde wá fún àdúrà. Ó ti lé dáadáa ní àádọ́ta ọdún, olùkọ́ ni, akọrin sì ni nínú ìjọ. Mo bi í léèrè orúkọ àbísọ rẹ̀, ó sọ ọ́. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n orúkọ àbíkú ni, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń bẹ ọmọ pé kó má lọ. Èmi náà gbé ohùn sókè: "Orúkọ yìí ló ń dà yín láàmú! Láti òní lọ, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ mọ́!" Gbogbo ìjọ pariwo àmín. Mo fún un ní orúkọ òyìnbó kan tó dùn létí. A jó, a yọ̀, a lọ sílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ìyá àgbà ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Pásítọ̀ mi, wọ́n ní ẹ gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ mi. Ṣé ẹ bi mí bí mo ṣe rí i sọ?"

Mi ò lè fọhùn. Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ fún mi lórí ìka ọwọ́. Àkọ́bí: nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ẹnu rẹ̀ dì, kò lè mu ọmú mọ́, kò sì pẹ́ tó fi lọ. Ìkejì: ó ti ń rìn, ó ti ń pe màmá rẹ̀, èèyí ló mú un lọ. Ìkẹta: ìgbẹ́ gbuuru, ọjọ́ mẹ́ta péré. Ìkẹrin: gìrì, lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti parí. Lẹ́yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bí ọmọ tí mo gba orúkọ rẹ̀ yìí.

Ó ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n lè máa fi bẹ Ọlọ́run nígbàkúùgbà tí mo bá pè é. Tí mo bá pè é pé kó wá jẹun, àdúrà ni. Tí mo bá pè é pé kó lọ pọnmi, àdúrà ni. Pásítọ̀, ṣé àdúrà tí Ọlọ́run ti gbọ́ ni ẹ̀yin ń lé jáde yẹn?"

Ẹ̀yin ará, mo gba díplómà nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹsẹ kan tí mo lè fi dá màmá yẹn lóhùn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tọrọ àforíjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà, mo sì ń kàwé. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: bí ilé tó ní ọmọ kékeré ṣe rí láyé àwọn ìyá wa, ohun tí ń pa àwọn ọmọ, àti bó ṣe jẹ́ tí àwa tí à ń kà á yìí fi wà láàyè.

ORÚKỌ TÓ Ń BẸ̀BẸ̀

Pásítọ̀ bíi tèmi ni Samuel Johnson tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ọ̀yọ́ ló ti ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó kú ní 1901 láì fojú rí i. Ìwé tó kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àwọn ìwé tó ṣẹ́kù, ó sì jáde ní 1921. Nígbà tí Johnson ń ṣàlàyé orúkọ àwa Yorùbá, ó ya àyè sọ́tọ̀ fún orúkọ àbíkú.

Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n. Àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó. Rótìmí ń sọ pé dúró tì mí. Dúrósinmí ń sọ pé dúró kí o lè sin mí, kó má jẹ́ èmi ni n ó sin ọ́. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ sí ikú àti sàréè lójú kojú. Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́. Ìgbẹ́kọ̀yí: igbó kọ èyí, kò gbà á. Akísàátán: àkísà tí a fi ń dì wọ́n sin ti tán nílé.

Káṣìmáawò sì wà, ìyẹn ni pé kí a ṣì máa wò ó ná. Ẹ ronú sí ìyẹn. Ìyá tó sọ ọmọ ní Káṣìmáawò ti bímọ, ó ti gbọ́ igbe rẹ̀, ó ti fún un lọ́mú, síbẹ̀ ó ń bẹ̀rù láti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tán, torí ó ti nífẹ̀ẹ́ àwọn kan rí tí wọ́n já a jù sílẹ̀.

Kì í ṣe ilé tálákà nìkan o. Ọba Kòsọ́kọ́ tó jẹ ní Èkó láti 1845 sí 1851, orúkọ àbíkú ló ń jẹ́. Owó, ẹrú, oyè, kò sí èyí tó lè dá ikú ọmọdé dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin.

Nínú Bíbélì ńkọ́? Rákélì ń kú lọ lórí ìkúnlẹ̀, ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Bẹ́nónì, ọmọ ìbànújẹ́ mi. Jékọ́bù yí i padà sí Bẹ́ńjámínì. Ẹsẹ yẹn la máa ń fi gbé ìsìn yíyí orúkọ padà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ló yí orúkọ yẹn padà? Bàbá ọmọ ni, ẹni tó wà níbẹ̀, tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tó sì sin ìyá ọmọ náà lójú ọ̀nà. Kì í ṣe àlejò tó di makirofóònù mú. Jábésì náà wà níbẹ̀, ẹni tí ìyá rẹ̀ fi ìrora sọ lórúkọ. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀, ó bù kún un, ó sì fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún un.

ILÉ TÍ ỌMỌ WÀ

Ẹ má rò pé àwọn ìyá wa kò mọ ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ò rí iṣẹ́ wọn ni. Ní kùtùkùtù, ìyá àgbà yóò na ẹsẹ̀ sílẹ̀, yóò gbé ọmọ lé e, yóò fi kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Yóò fi omi gbígbóná tẹ orí àti eegun rẹ̀, yóò nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, yóò gbọ̀n ọ́n sókè. Wọ́n á fi àdí tàbí òrí pa á lára, wọ́n á fi osùn kùn ún. Ìyá yóò máa ki oríkì ọmọ bó ṣe ń múra fún un. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rọ ọ́ lágbo, wọ́n á rọ ọ́ lẹ́kọ, wọ́n á pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ń gbé lọ sóko, lọ sọ́jà, lọ sódò.

Ọmọ ń mu ọmú fún ọdún méjì, nígbà mìíràn ọdún mẹ́ta. Láàárín ìgbà yẹn, ọkọ kì í súnmọ́ ìyá ọmọ, torí wọ́n mọ̀ pé tí oyún mìíràn bá tètè wọlé, ọmọ ọwọ́ lè kú. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, àwọn dókítà náà sì gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n bí ìfẹ́ ṣe kún tó, ìmọ̀ kò tó o. Ọmọ tó já lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ ni, ẹ̀kọ náà sì ni. Wọn kì í fún un ní ẹyin, wọn kì í fún un ní ẹran, torí wọ́n ní yóò ya olè. Ẹyin wà nínú ilé, adìyẹ ń jẹ̀ kiri àgbàlá, ọmọ ń rù. Tí gìrì bá gbé ọmọ, àwọn kan á ti ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná kó lè jí. Àwọn mìíràn á rọ ọ́ ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn kọ ọ́ sílẹ̀ léraléra pé àgbo yẹn gan-an ń pa ọmọ tí gìrì ì bá fi sílẹ̀.

Ẹ wá fi èyí kún un: ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́, èèyí, ṣọ̀pọ̀nná tí wọ́n ń bẹ̀rù débi pé wọn kì í pè é lórúkọ. Abẹ tí wọ́n fi gé ìwọ́ ọmọ lè ti wọ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àìsàn gba ìdodo wọlé, kí ẹnu ọmọ dì kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ rántí àkọ́bí màmá yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Lórílẹ̀-èdè wa, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. Tí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SS. Ọmọ yóò máa ṣàìsàn, egungun yóò máa ro ó, yóò kú ní kékeré, wọ́n á tún bí òmíràn, yóò tún rí bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa rí i, wọ́n ní ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Wọ́n á sàmì sí òkú ọmọ lára kí wọ́n lè dá a mọ̀ tó bá padà wá. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rí i dájú pé àwọn ilé kan wà tí ikú ń padà sí. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ìdí rẹ̀.

ÌLÚ KAN, Ọ̀NÀ MÉJÌ

Màmá wa jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè nípa Iléṣà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu.

Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, ní Iléṣà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni Ọlọ́run lò. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni tẹ́lẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn ni ìpè ti bá a ní 1928. Ìtàn tí àwọn àgbà ìjọ ń sọ ni pé òkú ọmọdékùnrin kan jí, òkìkí sì kàn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá láti ìlú gbogbo, pẹ̀lú garawa àti kèrègbè, kí wọ́n lè gba omi àdúrà. Ta ló pọ̀ jù nínú wọn? Àwọn obìnrin ni, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Àwọn bàbá ìsọjí yẹn kọ oògùn sílẹ̀ pátá, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó. Ẹgbẹ́ àdúrà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, tó sì darapọ̀ mọ́ Faith Tabernacle ti Amẹ́ríkà, ni ẹ̀kọ́ yẹn ti wá. Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́ sí wọn. Lójú tiwọn, kò sí àgbo tí kò ní ẹbọ nídìí, ọsibítù sì kéré, ó jìnnà. Ìyá tó ti náwó náwó lọ́dọ̀ babaláwo, tó tún sin ọmọ, dé Òkè-Oòyè, wọ́n fún un ní omi àti àdúrà láì gba kọ́bọ̀. Ẹ ò rí i pé ìdáǹdè ni?

Ṣùgbọ́n ní Iléṣà kan náà, ọsibítù Wesley Guild ti wà níbẹ̀ kí ìsọjí tó dé. Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá a sílẹ̀. Ní 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan dé síbẹ̀ láti Ìlú Ọba, David Morley lorúkọ rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1961. Ohun tó rí ni pé ó ti máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé ọmọ wá sí ọsibítù, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ohun tó ń pa wọ́n ṣeé dènà nílé.

Ó wá kó iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú àárín òkè tí a mọ̀ nínú ìtàn ogun Kírìjì, níbi tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886. Wọ́n dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń darí rẹ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe dókítà. Ìyá lè gbé ọmọ wá nígbà tí ara rẹ̀ dá, kì í ṣe ìgbà tó bá ń kú lọ nìkan. Níbẹ̀ kan náà ni wọ́n á ti wọ̀n ọ́n, wọ́n á tọ́jú èyí tó ń ṣe é, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n á sì bá ìyá sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Màmá wa sọ ti irú ilé bẹ́ẹ̀ fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ń wọn ọmọ wa bí ẹni ń wọn kòkó."

Ọwọ́ Morley ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti jáde. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ tó ń gòkè bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Tí ìlà ọmọ rẹ bá ń gòkè, kò séwu. Tó bá dúró sójú kan, ẹ yára, kí ọmọ tó rù lójú. Ìyá tí kò mọ̀wé lè rí i. Ìyá ló sì ń tọ́jú káàdì náà sílé, nínú ọ̀rá kó má baà tutù. Lẹ́yìn tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, káàdì yẹn tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní káàdì ọmọ nínú báàgì yín lónìí, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbá mi mú. Káàdì yẹn ní àyè kan tí wọ́n ń kọ ìdí tí ọmọ yìí fi nílò àmójútó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: ṣé ìbejì ni, ṣé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti kú, ṣé ó kéré púpọ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ọ̀kan nínú àwọn ìdí náà sì ni pé ṣé ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé sílẹ̀. Ohun tí Málọmọ́ ń sọ gan-an nìyẹn! Ẹnikẹ́ni tó bá pe ọmọ yẹn ní àgbàlá ti gbọ́ pé ikú ti wọ ilé yìí rí, ẹ ṣọ́ ọmọ yìí. Orúkọ àbíkú ni káàdì tí àwọn ìyá wa kọ́kọ́ ní. Ẹnu ni wọ́n fi kọ ọ́, torí wọn kò ní bírò.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nípa èèyí ní agbègbè yẹn náà pọ̀. Wọ́n rí i pé ọmọ tí kò jẹun dáadáa ni èèyí ń pa jù, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyí wò níbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn náà, àwọn oníṣègùn fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé ìlú kan nítòsí tí kò ní irú ilé ìtọ́jú yẹn. Àwọn ọmọ tó ń kú ní Ìmẹ̀sí kéré gan-an sí ti ìlú kejì. Ilẹ̀ kan náà, oúnjẹ kan náà, ohun tó yàtọ̀ ni ìwọ̀n, abẹ́rẹ́, àti nọ́ọ̀sì tó ń fetí sílẹ̀.

Bàbá Babalọlá sùn nínú Olúwa ní 1959. Ní ọdún yẹn, àwọn ìyá ṣì ń gun òkè àdúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn ìyá mìíràn sì ń gbé ọmọ lórí ìwọ̀n. Àwọn kan nínú wọn, mo gbà pé ẹni kan náà ni wọ́n. Màmá wa ṣe méjèèjì. Ó ní, "Mo gba omi àdúrà, mo sì gba abẹ́rẹ́. Mi ò bi Ọlọ́run èwo ló fi ṣe é."

Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò ya méjèèjì nípá. Nígbà tí Hesekáyà ń ṣàìsàn tó fẹ́ pa á, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́. Síbẹ̀ wòlíì Aísáyà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú oówo náà. Wòlíì ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Lúùkù tó kọ ìwé Ìhìnrere, oníṣègùn ni.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ TÈMI

Àwa tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1970, a jẹ àǹfààní púpọ̀ tí a ò mọ̀. Ọdún 1970 yẹn gan-an ni ṣọ̀pọ̀nná parí ní Nàìjíríà, tí ó sì fi di 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ohun tí àwọn baba ńlá wa ń bẹ̀rù láti dárúkọ, àwọn ọmọ mi ò mọ bó ṣe rí.

Láti 1985 sí 1992, ọmọ pásítọ̀ kan ni mínísítà ìlera wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti. Dókítà àwọn ọmọdé lòun náà. Ìgbà tiẹ̀ ni rédíò ń kọ́ àwọn ìyá pé tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, kí wọ́n fún un ní omi tí wọ́n fi ṣúgà àti iyọ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó, ẹ ò lè gbàgbé ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì tí wọ́n fi ń wọn omi rẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, ọ̀pọ̀ ìyá ló ń gba omi lẹ́nu ọmọ tó ń yàgbẹ́, wọ́n rò pé omi ló ń fà á. Ọmọ á gbẹ, á kú. Omi, iyọ̀, ṣúgà! Ohun tó wà ní gbogbo ilé ìdáná.

Nígbà tó di 1998, èmi náà di bàbá. Àkọ́bí wa kò tíì pé ọdún méjì, ibà mú un lóru ọjọ́ kan, gìrì sì gbé e. Ojú rẹ̀ yí padà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá àgbà kan nínú ilé tí a háyà ti ń wá iná láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí. Èmi, pásítọ̀ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, mo ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo ní kí a ti ilẹ̀kùn, kí a bá ẹ̀mí ikú jà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ìyàwó mi kò bá mi jiyàn. Ó kàn pọn ọmọ, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹ máa gbàdúrà bọ̀ lórí ọ̀kadà."

Mo gbàdúrà lórí ọ̀kadà yẹn ju bí mo ṣe gbà á rí lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, nọ́ọ̀sì fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, kò ti nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi aṣọ tútù nù ún. Dókítà ní ibà ló wọ̀ ọ́ lórí, pé ká ní ilẹ̀ mọ́ bá a nílé ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ọmọ yẹn ti níyàwó báyìí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí i, mo máa ń rántí pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo ń sọ ọ́ torí pé mo mọ àwọn pásítọ̀ tó ti ilẹ̀kùn, tí ìyàwó wọn kò lè ṣí i.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TỌ́MỌ LỌ́WỌ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́ pátápátá. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, nínú ọmọ 1,000 tí a bí, 132 ló kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. A kàn ò sọ wọ́n ní Málọmọ́ mọ́ ni. Ó ṣì ku iṣẹ́.

Arábìnrin kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láìpẹ́ yìí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ní àmì ẹranko nínú, ó ní kí n bá òun kìlọ̀ fún ìjọ. Mo dá a lóhùn pé àjẹsára ló lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti ilẹ̀ wa débi pé ní oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé irú rẹ̀ tó ń ti inú ìgbẹ́ ayé wá kò sí ní Áfíríkà mọ́. Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀ iye ọmọ tó ń fà lórí ilẹ̀ ní àdúgbò wọn nígbà tó wà ní kékeré. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì. Ó ní ìyá òun ka mẹ́ta. Ó gbé ọmọ lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ yín bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ọkàn tó wọra jù, ẹ má ní ìgbàgbọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ parí abẹ́rẹ́ ọmọ, ẹ sì fún un ní ẹyin, kò ní jalè. Tí gìrì bá gbé e, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má rọ ọ́ ní nǹkan kan, kí ẹ yára gbé e lọ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ máa gbàdúrà bọ̀ lórí ọ̀kadà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi pásítọ̀, kí a tó gba orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká bi ìyá rẹ̀ léèrè. Orúkọ mìíràn wà tó yẹ ká yí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyá fi ń bẹ Ọlọ́run, ilẹ̀ ẹkún ni. Bàtà la gbọ́dọ̀ bọ́ níbẹ̀.

Mo dá orúkọ arábìnrin yẹn padà fún un níwájú ìjọ, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Màmá jókòó síwájú lọ́jọ́ náà, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń mi orí.

Ní ọdún tó kọjá, màmá sùn nínú Olúwa. Èmi ni mo wàásù níbi ìsìnkú. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Nígbà tó kan ọmọ láti bu yẹ̀pẹ̀ sí i, ọmọ náà bù ú, ó kúnlẹ̀, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀, orúkọ àbísọ yẹn, ó ní, "Màmá, mi ò lọ. Mo dúró."

Ẹ̀yin ará, mo ti sìnkú púpọ̀. Mi ò sunkún nídìí sàréè bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ yẹn rí.

Tí ìyá rẹ bá ṣì wà láyé, pè é lónìí. Má béèrè owó, má béèrè oúnjẹ. Bi í pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ bí ṣáájú mi?" Kí o dákẹ́, kí o gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ orúkọ àbíkú, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ibí yìí kí ẹ má tijú, a fẹ́ fi yìn Ọlọ́run. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti sin ọmọ, tí ẹ kò rí ẹni bá sọ ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí èmi tàbí ìyàwó mi níkọ̀kọ̀. A ò ní wàásù fún yín. A ó gbọ́.

Olúwa tó dá ọmọ màmá yẹn dúró, yóò dá tiyín dúró. A ò ní fi ọwọ́ wa gbé ọmọ sin. Àwọn ọmọ wa ni yóò sin wá, ní ọjọ́ alẹ́, pẹ̀lú ewú lórí, lórúkọ Jésù. Ẹ bá mi ṣe àmín tó rinlẹ̀.